Ọkọ̀ Tí Mo Tà fún Tíṣà Mi

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé sítáǹdì ọkọ̀ Alíájì ní Atikori, kì í ṣe ọkọ̀ fífọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún mi. Alíájì na kọ́kọ́rọ́ sí mi, wọ́n ní, “Wàsíù, lọ ṣíná sí ìyẹn kó gbóná. Oníbàárà ń bọ̀.” Mo ṣe bísímílà, mo yí kọ́kọ́rọ́. Èéfín funfun bo ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fi igi tútù dáná, ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n. Nígbà tó ṣe díẹ̀, èéfín dá, ohùn ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀. Kí oníbàárà tó dé, mo ti pa á, ọkọ̀ ń wò bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Tòkunbọ̀ la ń tà, ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ti lò kí wọ́n tó kó o kọjá òkun wá. Àárọ̀, nígbà tó bá tutù, ni àìsàn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń hàn. Mo bi Alíájì pé ṣé èyí dáa báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun lo fẹ́ fi han ọkọ ni? Jẹ́ kó bọ́jú ná.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ọkọ̀ bọ́jú. Ìwé mi ò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ẹnu mi dùn, Alíájì sì máa ń sọ pé ojú mi jọ ojú ẹni tí kò lè purọ́. Ojú yẹn ni wọ́n ń sanwó oṣù fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà Odùsànyà wọlé. Àwọn ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ìlú Awa ni àwọn àti ìyàwó wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń gbé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Màmá lápá òsì àti ẹsẹ̀ òsì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Tíṣà gbọ́dọ̀ gbé wọn dé ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n lè bá wọn na ẹsẹ̀ náà. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn. Tíṣà á jókòó sẹ́yìn Màmá, wọ́n á fi ìborùn so ara wọn pọ̀ kí Màmá má baà yọ̀ bọ́. Dókítà ti sọ fún wọn pé tí wọ́n bá pa ìtọ́jú náà jẹ, ẹsẹ̀ ọ̀hún ò ní rìn mọ́.

“Wàsíù oníwàhálà,” ni wọ́n fi kí mi. “Ìwọ lo wá di ọlọ́kọ̀ báyìí?”

“Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ṣì ń bá wọn nu ún ni, sà.”

Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan ló wù wọ́n. Nínú gbogbo ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, òun ló burú jù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu omi, a sì ti da oògùn tó ń dí ojú ihò sínú rédíétọ̀ rẹ̀. Mo ti ṣíná sí i kí wọ́n tó dé.

Tíṣà yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì tètè gbé e kúrò.

“Ó gbóná.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ fọ̀ ni, sà.”

Wọ́n wo ara táyà, ó gbẹ, eruku wà lára rẹ̀. Wọ́n wá wo ojú mi.

“Wàsíù, Màmá ni mo fẹ́ máa gbé sínú ẹ̀ o. Ṣé ó dáa?”

“Ó dáa, sà.”

“Ó tán. Tó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀.”

Kò tó oṣù kan tí ọkọ̀ náà fi hó lójú ọ̀nà pẹ̀lú Màmá nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní Òrù dí ojú ibi tó ń jò, ọkọ̀ ń ṣíná, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ní tí wọn ò bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kò ní lè rìn ju ibùsọ̀ mélòó kan lọ. Tíṣà padà wá bá wa. Alíájì ní, “Tíṣà, a kì í dá ọjà padà. Ẹ ṣáà wà á wò kí ẹ tó gbé e lọ.” Tíṣà ò wo Alíájì rárá, èmi ni wọ́n ń wò. Mo gbé àkísà, mo ń nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó lè gbé ẹsẹ̀ mi dé Awa. Adìyẹ ti yé ẹyin sí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Màmá wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ òsì ti gan. Ọ̀kadà ti gbé Màmá ṣubú nígbà kan, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé wọn gùn ún mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

“Mo mọ̀,” ni Tíṣà wí. “Ọwọ́ mi sọ fún mi. Ìwọ ni mo yàn láti gbà gbọ́.” Wọ́n nawọ́ sí ọkọ̀ náà. “Bá mi tà á.”

“Ṣé kí n sọ àìsàn ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á, sà?”

“Tó o bá sọ ọ́, ta ló máa rà á?”

Mo mú ẹni méjì wá. Mo sọ òótọ́ fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì yísẹ̀ padà. Nígbà kẹta tí mo dé ibẹ̀, ọkọ̀ ò sí nílẹ̀ mọ́, epo dúdú tó kán sílẹ̀ nìkan ló kù. Tíṣà ní ọmọkùnrin kan láti Abígi ló rà á, ó fẹ́ máa fi kó èrò ní ọ̀nà Ogun Waterside.

“Ṣé ẹ sọ fún un, sà?”

Tíṣà mú abẹ̀bẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí ìyàwó wọn lára.

“Kò bi mí,” ni wọ́n wí.

Màmá yí ojú sí ògiri. Ọkùnrin yìí ló kọ́ wa nígbà kan pé kí ọmọ tó fọ́ síléètì jáde síwájú kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Mo ti kúrò lọ́dọ̀ Alíájì. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì báyìí, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo fi ọdún púpọ̀ jù. Tí a bá rán mi níṣẹ́ lọ sí ọ̀nà Waterside, tí mo sì rí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí èrò jókòó sílẹ̀ nínú oòrùn, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo nọ́ḿbà rẹ̀.