Ìyá Onílé Wa Kì Í Kúnlẹ̀ Lọ́jọ́ Ẹtì Rere

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ní Agége, tí wọ́n bá ti ka Bíbélì dé ibi tí wọ́n ti kan Jésù mọ́gi, gbogbo ìjọ á kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Ìyá onílé wa nìkan ni kì í kúnlẹ̀. Wọ́n á dúró gbọnyin láìwọ bàtà, wọ́n á tẹjú mọ́ àgbélébùú, omi ò ní bọ́ lójú wọn.

Àwa yòókù á máa ké bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Mo mọ ẹkún tèmi: á ti gbẹ kí n tó dé ìdí àkàrà.

Nílé, bí ayálégbé kankan bá ń lọ síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Oregun, ìyá á sìn ín dé ẹnu géètì. “Rọra o. Ẹ̀rọ ò mọ ọmọ ọlọ́mọ.”

Lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ wọn wú, síbẹ̀ wọ́n dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àánú wọn ṣe wòlíì wa. Ó ní, “Màmá, ẹ jókòó. Ọlọ́run rí ọkàn yín.”

Ìyá ò jókòó. “Wòlíì, Màríà dúró ti ọmọ ẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ fa ọmọ tèmi wọlé ní Oregun, àwọn tó ń ṣọ́ géètì tì mí mọ́ta. Ó ń pè mí, mò ń gbọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí ohùn ẹ̀ fi dákẹ́.”

Wọ́n yíjú padà sí àgbélébùú.

“Ẹ máa ka Bíbélì lọ. Ọmọ ọlọ́mọ nìkan ni wọ́n jẹ́ kí n dúró tì.”