Ẹ̀wù Òtútù fún Irin

Ohun tí dókítà fi hàn wá kó tó fi irin sínú ẹsẹ̀ ọkọ mi ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀ ló dí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ṣe ní Ṣómólú títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìdúró nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, sìgá lẹ́nu. Nígbà tó yá, kò lè rìn dé ẹnu géètì kí ẹsẹ̀ má ro ó. Dókítà mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ká jọ, ó rì í bọ omi yìnyín, ó fà á títí ó fi gún régé. Ó wá jù ú sínú ife omi gbígbóná. Kíá, wáyà náà ti ká padà.

"Ẹ rí i, Bàbá? Irin yìí ń rántí. Irú rẹ̀ la fẹ́ fi sí yín lẹ́sẹ̀. Tí ooru ara bá ti kàn án, á ṣí, á sì gbé iṣan yín dúró."

Mo ní, "Dókítà, irin kì í rántí o. Ẹ kàn sọ pé ó ń padà sí bó ṣe wà."

Ó rẹ́rìn-ín. Tíṣà ni mí; mo rò pé àtúnṣe kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà nílò nìyẹn. N kò mọ̀ pé ọkọ mi ti gbọ́ tirẹ̀: ooru ń ṣí irin, òtútù á sì pa á dé.

Bá a ṣe dé ilé wa ní Ladi-Lak lẹ́yìn tí wọ́n fi irin náà sí i tán báyìí, ó bẹ̀rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ nípọn lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀wù òtútù tí ọmọ wa fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Kò mu omi tútù mọ́, kò sì gbà ká tan fáànù. Bẹ́ẹ̀ dókítà ti kìlọ̀ pé kó máa rìn lójoojúmọ́, nítorí bí iṣan náà bá tún dí, ó lè jẹ́ gígé ni wọn yóò gé ẹsẹ̀.

"Dádì, ẹ dìde ká rìn dé Fádèyí."

"Òjò ṣú, Tíṣà."

"Kò tíì rọ̀."

"Atẹ́gùn rẹ̀ ti dé. Ṣé o fẹ́ kí irin mi pa dé ni?"

"Irin yín kì í ṣe ilẹ̀kùn."

"Àbí ìwọ lo kọ́ dókítà níṣẹ́?"

Mo ṣàlàyé pé òtútù ìta kì í dé ibi tí irin wà. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè. N kò lè jókòó. Mo ń gbá ilẹ̀ tó mọ́. Mo ń fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá tutù díẹ̀, mo máa ń rò pé iṣan ti tún dí, ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, a lọ sí ọsibítù ní Palmgrove. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan yíyọ̀ bí ilá pa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bíi bírò lé e. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń ṣàn: wùú, wùú, wùú.

Mo ti kọ́ ọmọ pẹ́. Ohun tí ojú bá ti rí, ẹnu kì í lè pa á rẹ́. Mo sáré jáde, mo ra píọ̀ wọ́tà tó tutù jù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, mo wọlé, mo gbé e lé e nítan.

"Yéè! Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí! Obìnrin yìí fẹ́ pa irin mi!"

"Mà, ẹ rọra," nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́," mo ní.

Wùú, wùú, wùú.

Ọkọ mi tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń fetí sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Ó ní,

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Ó gba omi náà, ó fi eyín ya etí rẹ̀, ó mu ún tán. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dún lọ.

Òjò ti ń ṣẹ́ wínníwínní nígbà tá a jáde. Mo nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó kó o lé mi lọ́wọ́.

"Jẹ́ ká rìn."

Ó ń tiro níwájú mi. Ó dúró, ó fara ti ògiri, ó tún ń lọ. Òjò ti rin ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó ń ṣe mí bíi kí n ké sí i pé kó wọ ẹ̀wù rẹ̀. Mo fi ẹ̀wù náà sábẹ́ apá.

"Tíṣà, àbí ó ti rẹ̀ ọ́?"

"Ẹ máa lọ, mo ń bọ̀."

Mo ká ẹ̀wù náà. Mo tú u, mo tún ká a.