Àwòrán Ilé Àlejò Wa Lórí Ìkànnì

Ara mi ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí àwọn àlejò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé yàrá tí wọ́n ti gbà. Èmi ni mò ń bójú tó ilé àlejò kékeré kan ní Ìkòsì. Opó kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mummy Fọlá ló ni ín, ibẹ̀ sì ni èmi àti òun ti ń jẹun. Nígbà tí ìkànnì ìrìnàjò afẹ́ orílẹ̀-èdè gba orúkọ wa wọlé, ṣe la jó.

Ọ̀gbẹ́ni kan wá pè láti òkè òkun.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹjọ́ wà lórí ilé yín ni?"

"Ẹjọ́ kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà nínú fótò yín. Mi ò lè kó ìyàwó mi wá sílé tí wọ́n ń jà lé lórí."

Mo ṣí ìkànnì náà. Wọn ò fi yàrá kankan síbẹ̀. Ògiri iwájú ilé nìkan ni ayàwòrán wọn yà, pẹ̀lú ohun tí Mummy fi ọ̀dà pupa kọ sára rẹ̀: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Nítorí oníjìbìtì la ṣe ń kọ ọ́ l'Ékòó, kí wọ́n má baà ta ilé mọ́ onílé lórí. Ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ò mọ̀yẹn, ìjà ló rí.

Mo kọ̀wé sí wọn, kò sí èsì. Mo pè, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Bí mo bá tẹ ibi tí a ti ń pààrọ̀ àwòrán, ojú ewé á máa yí bí òòyì, á tún dá mi padà síbẹ̀rẹ̀. Mo ṣépè fún un títí ó fi sú mi. Ni mo bá ní ká kun ògiri, kí n lè máa fi fótò tuntun ránṣẹ́ sí àwọn àlejò fúnra mi.

"Kí àwọn àbúrò Daddy Fọlá wá tà á?" Mummy bi mí. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani."

"Mummy, ebi náà ń pani o."

Ó kùn ún, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn.

Lọ́jọ́ kan tí Mummy lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin méjì wọlé, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo yàrá. Mo ń mú wọn yí ká tẹ̀rín-tẹ̀yẹ, àfi bí èyí tó kéré ṣe ní, "Aunty, ìgbà wo lẹ máa kó jáde? Uncle yìí ní kò sí wàhálà lórí ilé àwọn."

Ìgbà náà ni mo tó fura. Àbúrò ọkọ Mummy ni Uncle ọ̀hún.

"Ilé yìí kì í ṣe títà, sà! Mummy kọ ọ́ sára ògiri!"

"Ògiri wo?" Uncle rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá òṣìṣẹ́ lóhùn jàre."

Ògiri mọ́ tónítóní, èmi ni mo ní ká kùn ún. Mo sáré yọ fóònù mi, mo tẹ ìkànnì yẹn. Ó ń yí. Ó ń yí. Ohun tí mo ti ń ṣépè fún ni mo wá ń bẹ̀ bí ẹni ń bẹ ọba. Èyí tó fẹ́ ra ilé ti ń wo aago rẹ̀ kí ìkànnì náà tó ṣí.

Mo na fóònù sí i, ó ka ohun pupa tó wà nínú fótò náà, ó wo Uncle, ó bọ́ sínú mọ́tò rẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni.

Mummy dé, ó gbọ́, ó ní kí n lọ ra ọ̀dà pupa wá. Àlejò ṣì ń fagi lé yàrá. Ní àràárọ̀ ni mo ṣì ń ṣí ìkànnì náà wò, mi ò sì mọ èyí tí mò ń gbàdúrà fún mọ́: kí wọ́n pààrọ̀ àwòrán yẹn, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀.