Orpha Stidham Yan Alágbàtọ́

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Orpha Stidham ní ọdún 1871, nígbà tí ibà pa Enos bàbá rẹ̀ nínú ilé wọn létí odò. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Hiram, àbúrò bàbá rẹ̀, fi ẹgbẹ̀rin dọ́là ṣe ìdúró ní kóòtù pé òun ò ní jẹ ogún ọmọ náà, wọ́n sì fi í ṣe alágbàtọ́ ọmọ náà. Hiram fẹ́ ta ilé. Orpha fẹ́ padà síbẹ̀.

Wọn kì í ta ẹrù òkú ní agbègbè wa àfi kí èèyàn mẹ́ta kọ́kọ́ búra, kí wọ́n ka gbogbo ohun tó wà nílé, kí wọ́n sì dá iye lé e. Mo wà lára àwọn mẹ́ta náà. Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n ti ti ilé pa la ṣí i. Yìnyín bo ẹnu ọ̀nà, ojú ẹsẹ̀ kankan kò sí lórí rẹ̀. A ka ìkòkò méjì, àáké kan. Lókè, mo gbé ọwọ́ lé bẹ́ẹ̀dì Enos. Ó gbóná, bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Amos, fọwọ́ kàn án."

Amos Teague fọwọ́ kàn án, ó yára nu ọwọ́ náà mọ́ ṣòkòtò. Ẹnìkẹta wa ti wà lórí ẹṣin rẹ̀ níta.

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé a ò búra ni?"

"Èló ni kí n pe gbígbóná rẹ̀?"

"Jubal, ọjọ́ tó o bá ń kú, wàá ṣì máa ṣírò! Kọ ọ́, ká máa lọ!"

Mo kọ ọ́: bẹ́ẹ̀dì kan, ó gbóná, dọ́là mẹ́rin.

Lọ́jọ́ gbàǹjo, wọ́n kà á sókè bó ṣe wà nínú ìwé, nítorí bẹ́ẹ̀ lòfin wí. Kò sẹ́ni tó ra bẹ́ẹ̀dì, kò sì sẹ́ni tó béèrè ilé. Hiram lọ wá ẹni tí kò gbọ́ ìròyìn wá láti Tennessee, ṣùgbọ́n kó tó gbowó, Orpha pé ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọ òrukàn tó bá ti tó bẹ́ẹ̀ lè dúró níwájú adájọ́, kó fúnra rẹ̀ yan alágbàtọ́.

Adájọ́ bi í pé, "Ta lo fẹ́, ọmọ mi?"

"Bàbá Jubal, sà. Àwọn ló kọ òtítọ́ nípa bẹ́ẹ̀dì bàbá mi."

Hiram bú sẹ́rìn-ín. "Jubal ahun? Ọ̀dùnkún mélòó ni yóò máa kà fún ọ lóòjọ́?"

Mo ro ti ẹgbẹ̀rin dọ́là ìdúró tí èmi náà ní láti fi sílẹ̀, ó dùn mí dé egungun. Mo fọwọ́ síwèé.

Mo fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé e lọ sílé bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ní, "Orpha, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í dá gbé. Màá háyà obìnrin kan, dọ́là méjì lóṣù."

"Ẹ má náwó, sà. Bàbá mi ti dáná."

Lóòótọ́, èéfín ń rú lórí òrùlé. Ó bọ́ sílẹ̀, ìlẹ̀kùn sì ṣí kó tó débẹ̀.

Ogójì ọdún ló fi gbé ibẹ̀, tó ń rán aṣọ fún aráàlú, títí ó fi kú. Ọdún méje ni mo fi ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún, kóòtù a ní kí n kọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ náà ń gbé. Èmi a kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ ni. Adájọ́ kankan kò béèrè èwo nínú wọn.