Ta Ni Alángbá Ń Mi Orí Fún?

Nígbà ọyẹ́, ògiri amọ̀ ní Hayin Dogo, ní Zaria, máa ń tutù bí omi inú àmù títí oòrùn yóò fi gòkè dáadáa. Àwọn alángbá á wá máa yọ láti inú ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ wọn á rí bí eérú, wọn á lẹ̀ mọ́ ògiri láìmira. Bí ara bá ti ń móoru, orí akọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ara rẹ̀ á dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ láró, ìgbà náà ni yóò tó gbé àyà sókè, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Mo mọ gbogbo èyí nítorí pé ìjọba ló sanwó fún mi láti jókòó sórí àpótí kékeré kan kí n máa wò ó. Mo ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ní Samaru nígbà náà, mo ń ṣe èkejì, mo sì ra ẹ̀wù funfun kan bíi ti dókítà, èyí tí mo ń wọ̀ lọ sídìí ògiri láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n wọ̀ ọ́. Ó kàn wù mí kí àwọn tó ń kọjá mọ̀ pé iṣẹ́ ni mo ń ṣe, pé kì í ṣe pé orí mi dàrú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan ni ọ̀gá mi, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n bí sí Sabon Gari, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: ta ni alángbá ń mi orí fún? Ṣé akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń halẹ̀ mọ́ ni, àbí abo ló ń fẹ́ kó rí òun, àbí àwa èèyàn tó ń wò ó ló ń kìlọ̀ fún? Ó kọ̀wé sí àjọ ìjọba kan tó ń ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́, wọ́n sì fún un lówó ọdún kan, pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn yóò wá gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kí wọ́n tó fún un ní ti ọdún kejì. Inú owó yẹn ni owó ilé-ẹ̀kọ́ mi wà. Bí wọn kò bá fún un ní èyí tó kù, ẹ̀kọ́ mi parí síbẹ̀ nìyẹn, torí bàbá mi ti sọ pé òun ò ní fi kọ́bọ̀ kún un.

Táyà àti tíúbù ni bàbá mi ń tà ní Kwangila. Ará Ìlọrin ni, bàbá tirẹ̀ ló kó wọn wá sí Zaria, ó sì jẹ́ ẹni tó ń san owó-orí rẹ̀ déédéé, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun ń san án. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo sọ iṣẹ́ náà fún un, ńṣe ló dá ọwọ́ tó fẹ́ fi bu tùwó dúró. Ó ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti bí mi kò ní omi, aboyún ló ń gbé korobá tirẹ̀ lọ, ìjọba wá rí owó fún alángbá. Ó ní kí ni wọ́n tilẹ̀ fẹ́ wádìí níbẹ̀? Ṣebí alángbá tó já láti orí ìrókò ló sọ pé bí ẹnikẹ́ni ò bá yin òun, òun á yin ara òun. Wọ́n ti wádìí rẹ̀ tán kí wọ́n tó bí bàbá òun. Ó ti bá mi wá iṣẹ́ sí báńkì kan ní Kàdúná lọ́dọ̀ ìbátan wa, ó sì rò pé ọmọbìnrin tó kàwé tó báyìí yẹ kó wà nínú ilé tó tutù, kó má jókòó sídìí ògiri ilé onílé.

Èmi náà ò dákẹ́. Ẹni tó ń wọ ẹ̀wù funfun láàárọ̀ kì í ṣàìní èsì nírọ̀lẹ́. Mo ní àwọn àgbà kan náà ló sọ pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo ní ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn ti ní láti wo ikùn alángbá fún ìgbà pípẹ́. Ta ló ń bá a roko lọ́jọ́ náà? Ta ló ń fún un lóúnjẹ? Bàbá mi wò mí títí.

"Ìyàwó ẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ," ó ní. "Kì í ṣe ìjọba."

Ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Inú bí mi gan-an, nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Òwe ikùn délẹ̀ yẹn gan-an ló padà kó wa sí wàhálà. Níwọ̀n bí gbogbo wọn ti jọra, a ò lè mọ èyí tó mi orí lánàá yàtọ̀ sí èyí tó ń mi orí lónìí, àfi ká sàmì sí wọn. A so okùn tín-ín-rín mọ́ orí ọ̀pá, a ń fi í mú wọn lọ́rùn pẹ̀lú ìṣọ́ra, a wá ń fi ọ̀dà tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná sàmì sí wọn lẹ́yìn, funfun fún òmíràn, pupa fún òmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá onílé pé ká máa wo ògiri rẹ̀. Kò rántí tọrọ àyè àmì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, akọ kan tí a sàmì funfun sí rìn wọ yàrá ìyá náà, ó sì dúró sórí àpótí aṣọ rẹ̀. Àgbàlagbà oníṣòwò ni ìyá yìí, ará Ọ̀yọ́, ojú rẹ̀ sì ti rí nǹkan. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ẹranko tí wọ́n bá sàmì sí lára ti di ẹranko tí wọ́n rán níṣẹ́. Kò pariwo. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ránṣẹ́ pe àáfà kó wá ṣàdúà, ó sì ní kí n kó àpótí mi kúrò nídìí ògiri òun. Ó ní ògiri tí kò lanu, alángbá kì í ráyè wọ̀ ọ́, torí náà ẹnìkan nínú ilé yẹn ló lanu. Ìyàwó kékeré tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo sá lọ sí Samaru pẹ̀lú ẹ̀wù funfun mi, mo sì rò pé ó parí, nítorí ògiri yẹn ni gbogbo alángbá tí a ti mọ̀ ń gbé.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n mú mi padà lọ. Mo rò pé yóò ṣàlàyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ìyá náà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó tọrọ àforíjì pé òun kò sọ ti àmì, ó ní kí wọ́n pe ìyàwó kékeré wá kó gbọ́, ó wá yọ ìgò ọ̀dà náà, ó kun èékánná ara rẹ̀ lójú gbogbo wọn kí wọ́n lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ara tu àwọn ará ilé díẹ̀. Ìyá wá béèrè pé kí wá ni a ń wá lára alángbá.

"Ìyá, a fẹ́ mọ ẹni tó ń mi orí fún ni."

Ìyá wo ògiri.

"Àtìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti kọjú sí ògiri yìí," ó ní. "Èmi ni mo rò pé ó ń kí."

Láti ọjọ́ náà, a ní àyè wa padà. Ìyá sọ èyí tó tóbi jù ní Sarki, ìyẹn ọba lédè Hausa, bí mo bá sì dé tí ẹ̀dá náà kò tíì jáde nínú ihò, yóò ti sọ fún mi láti ẹnu ọ̀nà pé, "Sarki bai fito ba tukuna." Ìyàwó kékeré náà ń wá jókòó tì mí, kò sì gbà pé ìyá ló ń kí. Ó ní ẹni tó bá ń kíni kì í fojú bẹ́ẹ̀ wo ni.

Nígbà tí ìròyìn dé pé àwọn ará àjọ tó fún wa lówó ń bọ̀ láti Àbújá wá gbọ́ tiwa, wọ́n ní ká mú ẹnìkan tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé wá, ẹni tí yóò sọ èrò àwọn tó ń san owó-orí. Ìyá onílé ni mo fọkàn sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní rárá, ẹni tí kò gba tiwa rárá ni kí a mú wá, torí ẹni tó ti gbà kò ní ìbéèrè mọ́. Ó mọ ẹni tó ń sọ, torí mo ti ròyìn àríyànjiyàn èmi àti bàbá mi fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní bàbá mi yóò ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, n óò sì bá ara mi ní báńkì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ sọ fún un.

Lọ́jọ́ tí àwọn àlejò dé, bàbá mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọ agbádá funfun, ó jókòó síwájú. Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí jù ni ìgbà tí alága àwọn àlejò bi Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kí ni ìwúlò iṣẹ́ náà. Èmi ti gbà á nímọ̀ràn pé kó sọ pé alángbá ń jẹ kòkòrò, pé ẹni tó bá mọ ìwà rẹ̀ yóò lè lò ó fún àǹfààní àgbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Mi ò tíì mọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ aago tó lù. Alága kọ nǹkan sílẹ̀, ó yíjú sí bàbá mi, ó ní kí Alàájì sọ tiwọn.

Bàbá mi dìde.

"Tó bá jẹ́ èmi ni ìjọba, omi ilé ìwòsàn ni mo máa kọ́kọ́ ṣe," ó ní. "Mo ti sọ ọ́ fún ọmọ mi, mi ò yí i padà. Àmọ́ àtìgbà tó ti kó ọ̀rọ̀ yìí wálé, mi ò lè kọjá lára ògiri mọ́. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo sá pamọ́ fún un sẹ́yìn táyà. Kò sí akọ níbẹ̀, kò sí abo, kò rí èmi náà. Wàláhì, ó ṣì ń mi orí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Àbújá wá, ṣé ẹ mọ ẹni tó ń mi orí fún?"

Alága wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ò mọ̀.

"Tò," bàbá mi ní, "ta ni ká wá lọ bi?"

Ó jókòó. Ojú tì mí, inú mi sì dùn dé ibi pé omi lé sójú mi. Ọkùnrin tí mo ti ń bá jiyàn láti ìgbà yẹn ti ń fara pamọ́ fún alángbá lẹ́yìn táyà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Wọn kò fún wa ní gbogbo ohun tí a béèrè. Wọ́n gé e, ṣùgbọ́n ó tó fún mi láti parí. A rí i pé bí akọ mìíràn bá sún mọ́ ọn, alángbá a máa mi orí kíákíá, bí abo bá ń kọjá, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń mì í, bó bá sì wà lóun nìkan, a máa mì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí a ò mọ ìdí rẹ̀. Mo gbé èsì náà lọ bá bàbá mi ní Kwangila. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin. Ó ní owó ìjọba ti wọmi nìyẹn, lẹ́yìn náà ó ní kí n jókòó, kí n tún sọ ibi tó ti wà lóun nìkan yẹn fún òun. Kò dárúkọ báńkì sí mi mọ́.

Bàbá mi ti kú báyìí. Èmi náà ti ń kọ́ni, wọ́n sì ti fi mí sínú irú ìgbìmọ̀ tó ń pín owó bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan wá síwájú wa, ó fẹ́ mọ ìdí tí àwọn lékèélékèé fi ń tẹ̀lé màlúù kan káàkiri pápá, tí wọ́n sì ń fi òmíràn sílẹ̀. Lórí tábìlì kan náà ni ẹ̀bẹ̀ àwọn tó fẹ́ wádìí bí omi kànga yóò ṣe mọ́ wà. Ẹlẹgbẹ́ mi kan bi ọmọ náà pé kí ni ìwúlò rẹ̀. Ó ní òun kò tíì mọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti omi, bó ṣe yẹ, ohun tó kù kò sì pọ̀, mo sì ní kí wọ́n fún ọmọ náà. Ẹlẹgbẹ́ mi bi mí lẹ́yìn náà pé ṣé mo lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni tí kò rí omi mu. Mo máa ń rò pé ká ní bàbá mi wà níbẹ̀, yóò kọ́kọ́ bá mi jà lórí owó náà dáadáa. Lẹ́yìn náà, yóò fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọmọ yẹn, yóò sì bi í pé kí ló ti rí.