Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Mọ̀ Lẹ́yìn Ìjió

Òórùn agọ̀ eégún kì í kúrò nímú ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ rí. Aṣọ tó ti gbó ni, tó ti mu òógùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ara, tí a máa ń sá sórí koríko lẹ́yìn eré kí oòrùn lè gbà á lọ́wọ́ òógùn náà, oòrùn kò sì borí rí. Ó ń rùn bí osùn, bí èéfín, bí erùpẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ti wọ ìgbàlẹ̀, o mọ ohun tí mò ń wí. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ èyí fún ọ, tí n kò lè sọ ọ́ láàárín ọjà.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ní agbo ilé tí gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ti ń hun aṣọ òfì. Àìsàn kan ló kọlu ẹsẹ̀ ọ̀tún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ó gbẹ, ó tín-ínrín, ó sì kúrú ju èkejì lọ, tó fi jẹ́ pé bí mo bá ń lọ, òsì á dún gbì, ọ̀tún á wá wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀, ṣùà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni ahunṣọ fi ń ṣiṣẹ́ nídìí òfì, nítorí náà òwú ni wọ́n ní kí n máa ká. Mo ń ká òwú, mo sì ń wo èèyàn. Bí oníbàárà kan bá ti kẹ̀yìn sí wa, mo ti gba ohùn rẹ̀, mo ti gba bó ṣe ń gbé ọrùn, gbogbo àwọn ahunṣọ á sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi a máa bá wọn rẹ́rìn-ín, a sì tún máa mí kanlẹ̀. Ó mọ̀ pé n kò ní í pẹ́ jókòó ti òwú.

Mo ti di géńdé nígbà tí ẹgbẹ́ eégún aláré kan dé ìlú wa. Lójú mi báyìí ni wọ́n di òjòlá, wọ́n di òyìnbó onímú gígùn, wọ́n di ìyàwó tuntun tí ojú ń tì. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí eré tán, mo lọ bá olórí wọn, mo dọ̀bálẹ̀ bí ẹsẹ̀ mi ṣe lè jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, mo fẹ́ máa bá yín ṣeré."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, kò fi mí ṣẹ̀sín. "Ọmọ yìí, agọ̀ ń bo ojú, ó ń bo ọwọ́, ṣùgbọ́n kò sí agọ̀ tó ń bo ìrìn. Bí o bá fi lè gbé ẹsẹ̀ báyìí, ọmọdé á pe orúkọ rẹ. Kí ló wá kù nínú eégún?"

"Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín rán aṣọ nígbà náà."

Ó gbà, torí pé aṣọ wọn ti ń ya. Bí mo ṣe bá wọn lọ nìyẹn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Ṣakí dé Àgọ́-Àmọ̀dù, nínú ilẹ̀ ọ̀dàn tí igi ti ń jìnnà síra wọn bí àwọn tó ń bá ara wọn ṣe ìjà. Nígbà tó yá, olórí ní kí n máa ṣe òjòlá. Àyà ni òjòlá fi ń wọ́, kò sẹ́ni tó ń bi í pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́. Mo ṣe é tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń sá gun orí ògiri. Wọ́n yìn mí, inú mi sì dùn, àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà nílẹ̀ yẹn, tí erùpẹ̀ ń wọ̀ mí lẹ́nu, ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́. Mo fẹ́ dìde dúró. Mo fẹ́ ṣe èèyàn.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, olórí pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Abúlé kan wà lẹ́yìn Ìjió, lẹ́bàá ààlà àwọn Faransé. A kò ṣeré níbẹ̀ rí, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni wàá ti dìde." Ọdẹ ló ní kí n ṣe, ọdẹ arúgbó kan tó ń lé àparò kiri pẹ̀lú ìbọn onígi, tí àparò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi ṣubú. Nígbà tí a kọ́ ọ láàárín ara wa, omijé ẹ̀rín bọ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Ọ̀sán gangan ni eré náà, ṣùgbọ́n ọyẹ́ bo ojú ọ̀run tí oòrùn fi funfun bí ẹfun, tí a lè tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n ti sun igbó yí abúlé náà ká, eérú dúdú ń fò lórí wa láìsí afẹ́fẹ́ tó ń gbé e. Ẹ̀yìn ìlú ni mo gbà wọ ìgbàlẹ̀, kò sẹ́ni tó rí mi. Àwọn ara abúlé jáde, wọ́n jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyàwó, wọ́n rẹ́rìn-ín sí òyìnbó. Ló bá kàn mí.

Gbì, ṣùà. Gbì, ṣùà. N kò tíì dé àárín agbo tí ẹ̀rín fi dá. Mo rò pé wọn ò tíì rí ibi tí ẹ̀rín wà ni. Mo lé àparò, mo ṣubú, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹnu yìnbọn, ọmọ kékeré kan kò tilẹ̀ ta pútú. Orin bọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin tó ń gberin fún ẹgbẹ́ wa. Láti inú àwọ̀n ojú agọ̀, mo rí ọkùnrin kan tó ṣí fìlà. Òmíràn dìde dúró jẹ́ẹ́, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà dìde, bí a ṣe ń dìde fún àgbà tó ti àjò dé. Ajá kan tó rù hangogo jáde láti ilé kan, ó wá tààrà, ó gbóòórùn etí agọ̀ mi, ó dùbúlẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi, ó sì ń ké kúnkún nínú ọ̀fun.

Lẹ́yìn ajá ni obìnrin kan jáde, eérú lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Baba ọmọ mi," ó ní, "ìdí iná ni mo wà. N kò rí yín. Ẹsẹ̀ yín ni mo gbọ́."

Ìgbà tó yá ni wọ́n tó ròyìn rẹ̀ fún wa. Ọdẹ ni ọkọ rẹ̀. Ẹfọ̀n ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ nígbà kan rí, ẹsẹ̀ náà sì kúrú. Ó wọ igbó lásìkò ọyẹ́ ọdún tó kọjá, kò sì padà mọ́. Àwọn ẹbí ní ó ti kú, kí obìnrin náà bọ́ sínú opó. Ó ní òun kò lè ṣọ̀fọ̀ ẹni tí òun kò rí òkú rẹ̀, ó sì ń gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kúnlẹ̀ yẹn, n kò mọ ìkankan nínú èyí. Ojú rẹ̀ nìkan ni mo rí, mo sì fòye mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ tí kò sí mọ́ ló fi mí pè.

"Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé kí n máa gbé oúnjẹ yín sílẹ̀, àbí kí n jáwọ́?"

Olórí wa sún mọ́ mi. "Má sọ̀rọ̀ o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Bí o bá sọ̀rọ̀, a gbé."

Ọ̀rẹ́ mi, èmi tí mo lè gba ohùn gbogbo Ìsẹ́yìn, ohùn ọkùnrin yẹn kò sí lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sá, mo ti fi òkú wọn ṣẹ̀sín. Bí mo bá mi orí sí i pé kó máa gbé e, yóò retí títí yóò fi darúgbó. Mo dúró, eérú ń fò. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́, mo gbé ìbọn náà kalẹ̀ níwájú orúnkún rẹ̀, bí a ṣe ń gbé ohun tí a kò ní í gbé mọ́ kalẹ̀. Mo yí padà, mo kọjú sí igbó, mo ń lọ díẹ̀díẹ̀, gbì, ṣùà, n kò wẹ̀yìn. Ajá tẹ̀lé mi dé ibi tí koríko jíjó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì jókòó. Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ igbe obìnrin náà. Igbe ẹ̀rù kọ́ o. Igbe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ fún ni. Gbogbo abúlé gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sun ẹkún tí wọ́n ti ń gbé mì láti ọdún kan.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbà wá bá wa nínú ìgbàlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún agọ̀ náà níbi tí a sá a sí. "Bí ọdẹ wa ṣe máa ń gbé ìbọn kalẹ̀ gan-an nìyẹn," èyí tó dàgbà jù nínú wọn wí. "Ọwọ́ òsì, ẹnu ìbọn sí igbó." Nígbà tí wọ́n lọ, olórí wa yíjú sí mi.

"Ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń gbé e nígbà tí a ń kọ́ ọ. Ta ló ní kí o fi òsì gbé e?"

Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ òsì mi bí ohun tí ẹnìkan yá lò tó sì dá padà. Láti ọjọ́ náà, olórí kò bi mí mọ́ bóyá wọ́n mọ̀ mí níbi kan tàbí wọn ò mọ̀ mí kó tó ní kí n dìde ṣeré.

Nígbà òjò, a tún gba ọ̀nà Ìjió kọjá. Ẹrù ló wà lórí àwọn tó kù, wọ́n ti ṣáájú, èmi sì ń bọ̀ lẹ́yìn bí ìṣe mi. Obìnrin kan ń ṣa èso òrí lábẹ́ igi, ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe dún, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó yíjú. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wá wo ojú mi, ojú ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò rí rí. Ẹ̀rù bà mí pé yóò pariwo, torí obìnrin kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó wà nínú eégún. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi ọmọ tó lè bí, ó sì bu èso òrí tó pọ́n dáadáa sí mi lọ́wọ́.

"Mo ti ṣe opó tán," ó ní. "Ẹ bá mi kí i."

Mo ní, "Á gbọ́, ìyá," mo sì kọjá lọ.

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí. Mo ti ṣe ọba, mo ti ṣe ọ̀mùtí, mo ti ṣe ìyá ọkọ oníjọ̀gbọ̀n, èèyàn sì ti rẹ́rìn-ín títí. N kò tíì mọ̀ títí dòní bóyá èmi ni mo ṣeré lọ́jọ́ náà àbí wọ́n fi mí ṣeré ni, n kò sì wádìí rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti kékeré ni mo ti kórìíra ìró ẹsẹ̀ mi, tí mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́ kí ará ilé má baà gbọ́ ọ. Mo wá dé abúlé kan tí n kò mọ̀ rí, mo bá obìnrin kan tó ti jókòó ní odidi ọdún kan, tó ń tẹ́tí, kí irú ìró yẹn gan-an lè tún dún lẹ́nu ọ̀nà òun.