Ọkọ̀ Kékeré Tí Tíṣà Ògúnjọbí Fẹ́ Wọ̀

Ní gbogbo Ìkìrun, n kò tíì rí ẹni tó bá Ìyá Gbádébọ̀ ná ọjà tó sì borí wọn. Mo ti rí àwọn tó ń kó aṣọ wá láti Kánò tí wọ́n káwọ́ lérí níwájú ìsọ̀ wọn. Ìyá á pe iye tiwọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì kọ ẹ̀yìn sí ọjà náà bí ẹni tí kò fẹ́ ẹ mọ́. Kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kẹta, ọlọ́jà á ti pè wọ́n padà. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń ta àǹkárá. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé, òun náà ni wọ́n fi rán Gbádébọ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ sí yunifásítì kó tó di ará Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bí inú bá ń bí mi sí wọn nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ mọ̀ pé mo mọ ibi tí ìwà yẹn ti wá.

Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan tó kọjú sí ìsọ̀ Ìyá, níbi tí a ti ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tí a sì ń tẹ ìwé. Ọkọ Ìyá, Tíṣà Ògúnjọbí, ọmọ Òkúkù, ló kọ́ mi ní jọ́gíráfì ní ilé-ìwé girama. Ìyá fúnra wọn, ọmọ Inísà ni wọ́n. Àwẹ̀ró ni Tíṣà máa ń pè wọ́n, kò sì sí ẹlòmíì tó láyà láti pe orúkọ yẹn sí wọn létí.

Ọdún márùndínlógójì ni Tíṣà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa òkun, wọn ò sì rí òkun rí. Ìgbà méjì tí wọ́n dé Èkó, ìsìnkú ni wọ́n bá lọ, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì ti padà. Ní ọdún 2023 ni Gbádébọ̀ wá ní kí àwọn méjèèjì wá sí Amẹ́ríkà, ó sì kó gbogbo ilé rẹ̀ àti àwọn òbí rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ̀ yẹn! Ìyá sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Wọ́n ní àjà ogún ló ní. Wọ́n ní ọjà wà nínú rẹ̀, ilé eré wà, ilé oúnjẹ wà tí èèyàn á ti jẹun títí tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í léèrè owó. Wọ́n ní èrò inú rẹ̀ pọ̀ ju èrò ọjọ́ ọjà lọ.

Ní ti Tíṣà, ohun tí wọ́n rántí jù ni pé wọ́n sọnù. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jáde láti lọ wo òkun, wọn ò sì mọ ọ̀nà yàrá wọn mọ́. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi wá wọn. Ẹnu ọ̀nà ilé tẹ́tẹ́ ni wọ́n ti rí wọn, Tíṣà tí wọ́n jẹ́ alàgbà ìjọ Aládùúrà! Gbádébọ̀ ní bàbá òun ò gbọdọ̀ dá rìn mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn gíláàsì ilé oúnjẹ ni Tíṣà ti ń wo òkun, tí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń pariwo lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n bẹ Ìyá pé kí àwọn méjèèjì jọ lọ dúró níta, kí wọ́n jọ wo omi. Ìyá ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, eré kan wà tí àwọn ọmọ fẹ́ wò. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Báyìí ni ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

"A ò rí òkun, Bọ́sẹ̀dé," ni Tíṣà sọ fún mi nígbà tí wọ́n dé. "Ìlú kan la wọ̀, ìlú náà ló ń léfòó. Ọkọ̀ kékeré ni mo fẹ́ wọ̀, èyí tí Àwẹ̀ró ò ní rí ibi sá gbà nínú rẹ̀."

Mo rò pé àwàdà ni. Àmọ́ ní oṣù keje ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọn ò sì lè gun àtẹ̀gùn láìdúró mí. Èmi àti Ìyá la jọ mú wọn lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo. Dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀, pé oògùn á ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ò lè sọ fún ìgbà wo. Ìyá béèrè bóyá wọ́n ṣì lè rin ìrìn àjò. Etí èmi yìí ni mo fi gbọ́ ohun tó dáhùn: "Bí ẹ bá fẹ́ rìn, ẹ rìn kí ọdún yìí tó parí. Ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ nìyẹn. Físà ṣì wà nínú ìwé ìrìnnà wọn. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Gbádébọ̀ nígbà náà. Ó ní òun á gbìyànjú owó bàálù, kí àwọn fúnra wọn wá owó ọkọ̀ ojú omi. Lọ́sọ̀ọ̀sán, Tíṣà á wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi nídìí kọ̀ǹpútà. Mo fi ọkọ̀ kan hàn wọ́n tí owó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ìlú mìíràn nìyẹn." A tún rí òmíràn, yàrá inú ikùn ọkọ̀ tí kò ní fèrèsé, èyí ló wu Ìyá nítorí pé kò wọ́n rárá.

"Ṣebí oorun náà lẹ ó sùn níbẹ̀?" ni Ìyá wí.

"Àwẹ̀ró, tó bá jẹ́ ògiri ni mo fẹ́ wò, ṣé mi ò ní ògiri nílé ni?"

Èmi àti Ìyá rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ni a rí i. Ọkọ̀ kékeré kan ni, ó ti pẹ́ lórí omi, àjà mẹ́fà péré ló ní. Ọ̀nà tóóró kan yí i ká níta, ó sún mọ́ omi débi pé nínú àwòrán, ìfófòó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ àwọn tó dúró síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló máa fi rìn, nínú oṣù kọkànlá. Tíṣà yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò. "Èyí ni," ni wọ́n sọ. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo ń lọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mofolúwakẹ́, tó wà ní ọ́fíìsì kan ní Èkó, ló ń bá èèyàn ṣètò irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Mo pè é, mo sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní yàrá onífèrèsé fún èèyàn méjì ku ẹyọ kan, mílíọ̀nù méjì náírà ni. Mo mọ̀ pé owó náà wà lọ́wọ́ Ìyá, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ ni.

"Mílíọ̀nù kan," ni Ìyá wí.

Mofolúwakẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, a kì í ná an o. Iye tí wọ́n fi síbẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló sọ fún ẹ pé òyìnbó ò mọ ọjà ná? Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Mo máa san án lónìí."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè..."

"Ó dáa, jẹ́ kó wà níbẹ̀." Ìyá tẹ fóònù pa, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n dìde. "Bàbá Gbádébọ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n á pè wá."

Mo ní, "Ìyá, èyí kì í ṣe ìsọ̀ aṣọ o. Yàrá kan ló kù."

"Gbogbo ọlọ́jà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n jẹ́ kí Tíṣà kọ́kọ́ jáde, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o mọ iye tí oògùn wọn ń gbà lóṣooṣù? Tí mo bá da gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀, kí la ó fi tọ́jú wọn tá a bá dé? Má pe ọmọ yẹn o. Bí o bá pè é, ó máa mọ̀ pé ojú ń kán wa."

Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ó ń dùn mí títí di òní.

Lójoojúmọ́ ni Tíṣà ń wá béèrè. "Bọ́sẹ̀dé, ṣé wọ́n ti pè?"

"Wọn ò tíì pè, sà."

"Ẹsẹ̀ kẹta ò tíì pé nìyẹn," ni wọ́n á wí, wọ́n á sì rọra padà sílé.

Ní ọjọ́ kejìlá, mo pe Mofolúwakẹ́ láìgba àṣẹ. Ó ní ẹlòmíì ti san owó yàrá náà láti bí ọjọ́ mẹ́fà. Àwọn aláìnífèrèsé nìkan ló kù, àfi kí a dúró de oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, iye kan náà. Mo sáré kọjá sí ìsọ̀ Ìyá. Wọ́n ń wọn aṣọ fún oníbàárà kan. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ọwọ́ wọn dúró lórí aṣọ.

"Ti oṣù kẹta yẹn," ni wọ́n wá sọ, "sọ fún un pé mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ni mo máa san."

Mo jágbe mọ́ wọn lójú oníbàárà, ohun tí n kò ṣe sí àgbàlagbà rí. "Ìyá! Dókítà ní kí ọdún yìí tó parí!"

"Dókítà kì í ṣe Ọlọ́run," ni wọ́n dáhùn. Ṣùgbọ́n wọn ò wo ojú mi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, mo rí i. Mo lọ jíṣẹ́ fún Mofolúwakẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi, òun náà ní òun á bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ kékeré yẹn gbéra nínú oṣù kọkànlá, Tíṣà ní kí n mú àwọn lọ sí ibi tí wọ́n sé odò Ọ̀tìn mọ́ ní Èkó Èńdé, ìtòsí Ìkìrun. Ìyá ò lè bá wa lọ, ọjọ́ ọjà ni, wọ́n ń wá owó tí a ó fi kún ti oṣù kẹta. Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa lọ. Tíṣà jókòó lórí òkúta kan, wọ́n wo omi náà fún bíi wákàtí kan. Apẹja kan ń fa àwọ̀n rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Omi yìí dára," ni wọ́n wí, "àmọ́ mò ń rí òdìkejì rẹ̀. Èyí tí kò ní òdìkejì ni mo fẹ́ rí." Ó ṣe díẹ̀, wọ́n tún ní, "Àwẹ̀ró ì bá wá."

Mo ní, "Sà, ẹ ò ṣe bá Ìyá sọ ọ́ pé kí wọ́n san owó yẹn?"

"Ó ń ná an nítorí kí n lè pẹ́ láyé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a jà sí i?"

Wọn ò pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejìlá, láàárọ̀, wọ́n mu ẹ̀kọ tán, wọ́n fi orí ti àga, ó parí. A sin wọ́n sí Òkúkù nínú oṣù kìn-ín-ní. Ìyá kí gbogbo èèyàn dáadáa, wọ́n rí i pé oúnjẹ kárí, wọn ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn wọn, kí n bá wọn tẹ ìwé kan tí ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì ń béèrè. Ibẹ̀ ni a wà tí fóònù dún. Mo rí orúkọ Mofolúwakẹ́, mo fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n Ìyá ti rí i. Wọ́n na ọwọ́, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, mo sì gbé e fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀lóò."

"Mọ́mì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Mo ní ìròyìn ayọ̀. Ọ̀gá mi ti gbà. Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tí ẹ pè, wọ́n gbà á."

Ìyá ní, "Ṣé ó ní fèrèsé?"

"Ó ní i, Mọ́mì. Ó tún sún mọ́ ìta níbi tí ẹ ti lè máa wo omi."

"Mílíọ̀nù méjì tí o kọ́kọ́ pè, mo máa san án. Mo tún máa fi lé e. Iye tí o bá ṣáà ti pè, mi ò ní ná an." Wọ́n fi ọwọ́ kejì di fóònù mú. "Àmọ́ oṣù kọkànlá ni mo fẹ́."

"Ah, oṣù kọkànlá ọdún yìí? Ẹ jẹ́ kí n wò ó..."

"Rárá, ọmọ mi. Èyí tó kọjá yẹn."

Mofolúwakẹ́ ní, "Èyí tó kọjá kẹ̀, Mọ́mì?" Ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń pè é ní ọmọ dáadáa, wọ́n ní kó bá àwọn bẹ ọ̀gá rẹ̀. Mo rọra gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Mo ní kó má bínú, pé bàbá ti kú.